Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àbúrò Mi Tó Ń To Ìbọn Tí Kò Lè Pa Aláǹgbá

Òkàkà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó sá fún èéfín, tó lọ fara mọ́ òtútù Manchester,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí tábìlì ìjẹun yín pẹ̀lú, torí mo gbọ́ pé òun gan-an ni ìyà ń jẹ jù nínú ilé. Wọ́n ní alaalẹ́ lo ń tú ìbọn palẹ̀ sórí rẹ̀, tí ìyàwó rẹ á gbé àwo àmàlà dúró, tí kò ní rí ibi tí yóò gbé e kà.

Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì dé ìgboro ni, orí fóònù ni ǹ bá ti bá ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ tú u síta. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn tóo pe Màmá rẹ, tí wọ́n bi ọ́ pé kí lò ń ṣe lọ́wọ́, tóo fi tayọ̀tayọ̀ dáhùn pé, “Màmi, ìbọn ni mò ń tò,” ṣé o rò pé wọ́n gbọ́ ìyókù? Gbólóhùn tóo fi tẹ̀ lé e, pé ìbọn ìṣeré ni, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkàkà kì í gbé gbólóhùn méjì pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jí àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà wọn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àlùfáà tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa náà kò dúró kí wọ́n ké sí òun, ó fa tẹ̀sùbáà yọ. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì pawọ́ pọ̀, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kí o fi ẹgbẹ́ adigunjalè sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí o kò wọ̀ rí, wọ́n ti gbàdúrà yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Fídíò tóo fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì ló gba ọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbé fóònù náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá àgbà, níbi tí àwọn ọdẹ máa ń jókòó sí tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Wọ́n wò ó. Ìwọ nìyẹn, o wọ dígí tó nípọn bí ìdí ìgò, o fi ìka méjì di fáìlì kékeré kan mú, ò ń ha irin tí kò ju èékánná lọ. Àgbà ọdẹ kan yọ orógbó kúrò lẹ́nu, wọ́n ní:

“Kí ni ìbọn yìí ń pa?”

Mo ní kò pa nǹkan kan.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?”

Mo ní rárá o.

“Aláǹgbá?”

Mo ní bí aláǹgbá náà bá ní sùúrù, tó dúró jẹ́ẹ́, ó lè ta á lára díẹ̀.

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Eélòó ló ná an?” Mo dárúkọ iye tóo sọ fún mi, mo sì sọ ọ́ di náírà níwájú wọn. Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ẹnì kan ní owó yẹn á ra ewúrẹ́ mẹ́rin, á ku ti òbúkọ. Ẹlòmíràn ní, “Ewúrẹ́ tún ń bímọ. Kí ni èyí ń bí?” Ó wá sí mi lẹ́nu láti dáhùn pé gbèsè ló ń bí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mi ni ọ́, mo gbé e mì. Ìsinsìnyí ni mò ń pọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe di agbẹjọ́rò rẹ nìyẹn, láìgba kọ́bọ̀.

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ní àwọn ará Japan ló dá eré yìí sílẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní airsoft, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Òfin ìbọn àti idà tí ilẹ̀ náà ṣe ní 1958 le débi pé ẹni lásán kò lè ní ìbọn ìléwọ́ rárá. Àwọn tí ìbọn wọ̀ lójú wá rò ó pé bí a kò bá lè ní ẹkùn, ṣé a kò lè ya àwòrán ẹkùn tó ń bú? Wọ́n ṣe ìbọn tó rí bí ìbọn, tó wúwo bí ìbọn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọta ike ló ń tu jáde. Ilé iṣẹ́ Tokyo Marui, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, wà lára àwọn tó di ọ̀gá nídìí rẹ̀. Àwọn ló gbé èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ jáde ní 1991. Lónìí, àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń kóra jọ sínú igbó ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n á máa yin ike lu ara wọn. Ẹni tó bá bà á á nawọ́ sókè, á ní ó ba òun, á sì rọra jáde.

“Ta ló ń wò ó bóyá ó bà á lóòótọ́?” Àgbà ọdẹ ló tún bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó ń wò ó. Olúkúlùkù ló ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní, “Háà, ogun àwọn olódodo! A kò lè ja irú rẹ̀ níbí.”

Mo ṣàlàyé ọta náà fún wọn. Kò ju mìlímítà 6 lọ ní ìbú, ìwọ̀n èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ gíráàmù 0.20, tí márùn-ún rẹ̀ fi ń pé gíráàmù kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ju ẹyọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan. Mo kìlọ̀ pé kò lè wọ awọ ẹran, àmọ́ ó lè fọ́ ojú, ìdí nìyẹn tóo fi ń wọ awò abojú bíi ti ẹni tó ń jó irin. Mo ní gáàsì ló ń gbé e, ó wà nínú ilé ọta tí wọ́n ń tì bọ ìdí ìbọn. Bí o bá fa apátí, òòlù kékeré inú rẹ̀ á gbá ẹnu gáàsì ṣí. Gáàsì á pín ara rẹ̀ sí méjì: apá kan á ta ọta jáde, apá kejì á ti irin òkè sẹ́yìn, kó lè ta ọwọ́ rẹ bí ìbọn tòótọ́ ṣe ń ta ọwọ́. Sípíríǹgì á sì dá irin náà padà síbi tó wà.

Wọ́n bi mí pé gáàsì wo. Mo ní propane ni, ọmọ ìyá èyí tí ìyàwó yín fi ń dáná, wọ́n kàn fi òróró díẹ̀ pò ó kí rọ́bà inú ìbọn má baà gbẹ ni. Wọ́n wo ara wọn lójú. “Ìyẹn ni pé gáàsì ọbẹ̀ ló fi ń ṣọdẹ.”

Ọ̀gá mi, ẹjọ́ rẹ ṣòro í rò.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fẹ́ẹ̀ kú fún ẹ̀rín ni ìgbà tí mo dé orí àtúnṣe tóo ti ṣe sí i. O ní ọ̀pá tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ fẹ̀ ní mìlímítà 6.08, o yọ ọ́ sọnù, o ra èyí tó fẹ̀ ní 6.03, kí ọta má baà rí àyè ṣeré nínú rẹ̀. Mo fọkàn ṣírò ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, mo rí i pé kò tó ìnípọn irun orí mi kan, bẹ́ẹ̀ o sì mọ bí irun náà ṣe kù díẹ̀ tó. Owó ewúrẹ́ kan gbáko lo san lórí ìlàjì irun!

O pààrọ̀ rọ́bà kékeré tó wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pá, èyí tó ń ra orí ọta bó ṣe ń kọjá, tí ọta á fi máa yí sẹ́yìn bí òkòtó, tí afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e sókè kó lè jìnnà. Nígbà tí o wà ní kékeré níbí, òkòtó rẹ kì í yí kọjá ìṣẹ́jú akàn. Mo rí i pé o ti lọ gba ẹ̀san lára ike. Lẹ́yìn náà lo mú irin gbígbóná tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń jó òjé, o fi gún ìdí ìbọn náà ní tótòòtó, o ní kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́. Mo wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Àbúrò, ilà lo kọ fún un. O kọ pélé fún ìbọn Japan! Ìwọ tí o sọ fún ọmọ rẹ pé àṣà àtijọ́ ni ilà kíkọ.

O tún ní kò sí irin kan nínú irú èyí tóo ń tò, Hi-Capa, tí èèyàn kò lè fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn pààrọ̀, débi pé ẹnì kan lè to odindi ọ̀kan láìsí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é wá. O sọ ọ́ bí ẹni pé ìyanu ni. Ṣé o ti gbàgbé mọ́tò tó ń na Ìsẹ́yìn sí Ṣakí ni? Ẹ́ńjìnnì ti ibì kan, ilẹ̀kùn ti ibòmíràn, ìjókòó ti ilé káfíńtà, nọ́ńbà nìkan ni ti ara rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa ti ń to Hi-Capa tipẹ́, tiwọn sì ń gbé èrò méjìdínlógún.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òtútù máa ń mú ìbọn rẹ. O sọ fún mi pé tí ìgbà òtútù bá dé, gáàsì kì í lágbára mọ́, pé bí o bá yìn ín léraléra, ilé ọta á di yìnyín, irin òkè á wá máa rìn bí arúgbó. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọdẹ. Wọ́n ní kí wọ́n fi àgbo ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀tù ṣakabùlà náà kò fẹ́ òjò, a mọ̀, ẹni tí òjò bá ká mọ́ inú igbó, ìbọn rẹ̀ ti di ọ̀pá ìtilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, a kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn ti ń ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn.

A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ẹ̀rín wá fẹ́ tán ni àgbà ọdẹ yẹn ní kí n tún fídíò náà gbé sí i.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ lè má mọ̀ pé o ṣe é. O ti ha irin kékeré náà tán. O fẹ́ atẹ́gùn lé e lórí. O gbé e sókè, o yí i sí ìmọ́lẹ̀, o sì di ojú òsì. Lẹ́yìn náà lo tò ó padà, o gbé ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ etí, o rọra fa apátí. Ó dún kó. O mi orí, o tú u, o tún ń ha á. O ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún lo tó rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó tún bú sẹ́rìn-ín nínú wa. Àgbà ọdẹ ní, “Ojú òsì yẹn. Ta ló kọ́ ọ?”

Ìwọ mọ ẹni tó kọ́ ọ. Bàbá àgbà kò fi ọ́ ṣe ọmọṣẹ́, ẹ̀rù ìwé rẹ ń bà wọ́n. Wọ́n kàn ní kí o máa fín ẹwìrì ni, lẹ́yìn tóo bá ti ilé ìwé dé, o sì ń kùn pé èéfín ń ta ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ojú tí èéfín ń ta ń rí nǹkan. Ọdẹ láti Òtu, láti Ìgbòjàyè, láti Kòmu, á gbé ṣakabùlà wá sí ilé arọ́, á ní apátí rẹ̀ kò já dáadáa mọ́, ó ti ń kọṣẹ́ lójú ẹran. Bàbá kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á gbé ìbọn òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ etí, wọ́n á fa apátí. Wọ́n á tú u, wọ́n á ha á díẹ̀, wọ́n á wò ó sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á di ojú òsì. Wọ́n á tún gbọ́ ọ. Irin á máa dún títí yóò fi dún ìró kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó ń fà yọ níbẹ̀. Tiwọn kì í ṣe lílù nìkan, gbígbọ́ wà ńbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tóo bá ń sọ fún àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣeré pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán apátí títí yóò fi já bí igi gbígbẹ, má parọ́ mọ́. O kàn lọ rán ara rẹ létí níbẹ̀ ni.

Ìbọn ti òkèèrè kò sì ṣàjèjì sí àwọn tó bí wa. Láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò etí òkun ni ìbọn ẹlẹ́tù ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ yìí, àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló tú u, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n mọ inú rẹ̀ tán. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tó ń gba ọta láti ìdí rà láti ọ̀nà Èkó, ìró tí ìbọn ń hó lójú ogun náà ni wọ́n fi sọ ogun lórúkọ: kì-rì-jì. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń fi etí sọ ogun lórúkọ. Ìwọ náà ń fi etí to ìbọn. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́.

Ó yẹ kí n parí lẹ́tà yìí síbi tí mo ti yìn ọ́ yẹn. Ìwọ ni o kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. O wá ní o fẹ́ mú un bọ̀ wálé ní Kérésì, kí o lè “fi han àwọn ará ilé.”

Jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà ní ìwé kan tí wọ́n to àwọn ẹrù tí kò gbọdọ̀ wọlé rárá sí. Mo kà á. Ṣé o mọ ohun tó wà lókè pátápátá? Ìbọn ìléwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ yìn. Òun ni nọ́ńbà kìíní! Lóòótọ́, ábídí ló gbé e síwájú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Wo àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀: owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ tó lè gbiná, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti ilẹ̀ òkèèrè, ewé tíì tí wọ́n ti lò tán, àti aṣọ òkìrìkà. Nígbà tí mo débi òkìrìkà, mo wo ara mi, mo wo ṣòkòtò mi, mo pa ìwé náà dé. Bí aṣọ́bodè bá wá sí Òkàkà lónìí, ìhòòhò ni wọ́n á fi gbogbo wa sílẹ̀. Má wá fi ìbọn kún un.

O lè ní tìrẹ kì í ṣe irú ìbọn afẹ́fẹ́ tí òfin ń sọ, pé ìṣeré ni. Kò burú. Dúró níwájú ọ̀gá aṣọ́bodè ní Ìkẹjà ní agogo mẹ́fà ìdájí, kí o máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ gáàsì àti afẹ́fẹ́ fún un. Èmi á ti máa bọ̀ pẹ̀lú lọ́yà.

Ìkejì, òfin ìbọn tí a ń lò títí dòní, ti 1959 ni, ó sì pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ tòótọ́ wà pẹ̀lú àgbá àti bọ́m̀bù, ní ìsọ̀rí kìíní, èyí tó jẹ́ pé àṣẹ Ààrẹ nìkan ló lè mú ènìyàn ní i. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà ní ìsọ̀rí kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló ń buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Ṣakabùlà ló wà nísàlẹ̀, ní ìsọ̀rí kẹta, ìwé tirẹ̀ kò ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Mo ka èyí fún àwọn ọdẹ wa, inú sì bí wọn. Wọ́n ní ìbọn tó ń gbé ẹfọ̀n ṣubú wà lẹ́yìn, èyí tó ń ta aláǹgbá lára díẹ̀ ló ń bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀! Ìwọ lo fi wọ́n wọ́lẹ̀.

Ìkẹta ni kò ní ẹ̀rín nínú.

Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ìgbà tí wọ́n pa òwe yìí, kò sí ike nílé ayé, síbẹ̀ wọ́n ti rí ìbọn rẹ. Ìlú tóo wà mọ òwe náà, wọ́n kàn kọ tiwọn sínú ìwé òfin ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 ní kí ìbọn ìṣeré tí wọ́n bá tà fún ẹni lásán ní àwọ̀ títàn bíi pupa tàbí àwọ̀ ewé, kí àwọ̀ náà sì bò ó kọjá ìlàjì. Àyàfi ẹni bíi tìrẹ, tó lè fi hàn pé inú eré lòún ti ń lò ó, ló lè ra dúdú. Ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi pé inú àpò ẹrù tó sé pinpin lo ń gbé e sí lọ síbi eré, pé bí o bá fi ọwọ́ gbé e ní títì, ọ̀ràn ni. Amẹ́ríkà ní kí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tí wọ́n bá ń tà á. Ní November 2014, ní ìlú Cleveland, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan ń fi irú rẹ̀ ṣeré nínú ọgbà ìtura. Ẹnu pípọ́n náà ti kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́pàá dé, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kò sì pé tí wọ́n fi yìnbọn lu ọmọ náà. Ọjọ́ kejì ló kú. Ìbọn rẹ̀ kò ní apátí tó lè pani. Tiwọn ní.

Ọ̀sán gangan nìyẹn. Wá ronú Òkàkà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí iná kò sí. O mọ bí ọ̀nà igbó wa ṣe dà láti ọdún mélòó kan wá, tí ẹni tó ń lọ oko ń wẹ̀yìn. Ìdí tí àwọn gómìnà fi dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní January 2020 nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí àwọn ọdẹ tó bá mi rẹ́rìn-ín lábẹ́ máńgòrò kì í fi í sùn mọ́. Àwọn gan-an ló ń ṣọ́ ojú ọ̀nà lóru. Àwọn tí ojú wọn le, tí oorun ń kùn, tí ṣakabùlà ti kì. Ìwọ á wá ti ilé ọ̀rẹ́ bọ̀, o ti mu ẹmu díẹ̀, o sì fi Hi-Capa rẹ bọ ìbàdí kí o lè fi yangàn. Iná tọ́ọ̀ṣì á tàn sí ọ lára. Ṣé ìgbà náà lo fẹ́ ṣàlàyé gíráàmù 0.20 fún wọn? Ọwọ́ rẹ ti dára jù: o ṣe é débi pé ó jọ ọ́. Bàbá àgbà tún ìbọn ṣe kí ẹran má baà mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tìrẹ, ènìyàn á mọ̀ ọ́n kó tó dé, á sì mọ̀ ọ́n sí nǹkan mìíràn.

Fi í sílẹ̀ sórí tábìlì, níbi tó ti ń fìyà jẹ ìyàwó rẹ. Fídíò tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú wá nìyí. Mú dígí onídìí-ìgò yẹn, àpótí fáìlì kéékèèké rẹ, àti irinṣẹ́ tóo fi ń wọn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Mú òrúka rọ́bà oríṣiríṣi, wẹ́wẹ́ àti ńlá, kí o sì mú òróró tí ẹ fi ń pa wọ́n lára. Ìdí rẹ̀ nìyí. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà ní ìlú yìí ló ní páǹpù àgbékọ́yìn tí wọ́n fi ń fín oògùn sí koríko. Kò ju ọdún kan lọ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Afẹ́fẹ́ á máa sá, oògùn á máa ṣàn sí onítọ̀hún lẹ́yìn, á máa yún un, á sì máa bú ẹni tó tà á fún un. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Òrúka rọ́bà tó gbẹ, àti ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí kò pa dé dáadáa. Ohun tó ń ṣe ilé ọta rẹ gan-an! Ìwọ tó ń jí lóru láti wá ibi tí gáàsì ti ń yọ́ jò nínú ike tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣé páǹpù ló máa wá fọ́jú mọ́ ọ lára?

Ilé arọ́ Bàbá ṣì wà. Òrùlé rẹ̀ ti jò lápá kan, ṣùgbọ́n owú ṣì wà lórí ìdúró rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 máa ń wọ ibẹ̀ lọ tú rédíò. Ó ti wo fídíò rẹ ju gbogbo wa lọ. Lánàá mo bá a níbẹ̀, ó gbé ìdérí páǹpù kan sí etí, ó ń fún un, ó ń gbọ́ ibi tó ti ń jò. Kò tíì mọ ojú tó yẹ kó dì. Méjèèjì ló dì.

Nítorí náà, má mú ìbọn wá. Má mú owó ẹyọ wá, a ní tiwa. Má mú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wá, ọmọ ìlú yìí kò ní í jẹun mọ́. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé tíì lòún fẹ́, èyí tó wà nínú páálí tóo mú wá nígbà kan. Mo ti ṣàlàyé òfin fún wọn, wọ́n sì ní kí o fi ọkàn balẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á lò ó tán.

Aṣọ òkìrìkà nìkan ni mi ò mọ bí a ó ti ṣe é. Bí o bá lè wá ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi gùn, ìdí mi sì ti tóbi sí i.

Ó dìgbà o, Ọ̀gá Gáàsì Ọbẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ àti lọ́yà rẹ,
ẹni tí o kò tíì san owó ẹjọ́ rẹ̀.